Àwọn Ọmọ Tó Ya Àwòrán Yàrá Ìkàwé

Ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ fún yín ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sábọ́n Gàrí, àdúgbò àwọn àlejò, lọ́dún 1953, tí ìjà ìgboro gba Kano.

Tíṣà ti lúgọ sẹ́yìn ògiri yàrá ìkàwé tí wọn kò tíì kọ́ tán, òun àti ọmọ ilé-ìwé mẹ́rin. Àwọn ọmọ náà ló ya àwòrán ilé ọ̀hún. Wọ́n ń fi okùn wọn àyè fèrèsé lọ́wọ́ ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú títì.

Kóńdó gbá ògiri gbàgà. Ẹnìkan fi èdè Hausa bèèrè pé, "Ta ló wà níbẹ̀?"

Ọmọlará, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ti dìde kí tíṣà tó dì í mú. Kano ni wọ́n bí i sí, Hausa rẹ̀ dá ṣáká. "Ọmọ bíríkìlà ni wá. Àwọn Yorùbá ti sá gba Bompai lọ. Ẹ sáré, ẹ óò bá wọn!"

Wọ́n sáré lọ.

"Ìwọ ọmọ yìí," tíṣà mí kanlẹ̀, "ṣé ẹ̀mí méjì lo ní ni?"

Ọmọlará rẹ́rìn-ín. "Kada ka ji tsoro, Malam." Ó ní kí tíṣà má bẹ̀rù.

Àwọn ọkùnrin Yorùbá tiwa tó ń ṣọ́ àdúgbò gbọ́ Hausa náà. "Wọ́n wà nínú ibí o! Ẹ pa wọ́n!"

Wọ́n fo ògiri. Àdá ti gòkè kí ẹnikẹ́ni tó wojú ẹnìkan. Tíṣà da ara bo ọmọ náà, àdá sì ba tíṣà lọ́rùn.

"Tiyín ni wá," ló ń sọ títí ohùn fi tán lẹ́nu rẹ̀.

Adémúyìwá, bàbá Ọmọlará, ló sọ ọ́ fún mi. Òun ló gbé àdá náà sókè.