Ẹni Tó Kọ́kọ́ Nawọ́ fún Ibú Eléwé

Fún ìgbà kejì, àwọn ará àdúgbò fi ọwọ́ wọn sílẹ̀ sórí itan, wọn ò nà án sókè. Ọláníyan dúró níwájú wọn lábẹ́ igi ọdán, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń bẹ̀ wọ́n fún kò ju pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pẹja mọ́ ní Ibú Eléwé, níbi tí odò Ọ̀ṣun ti rọra yí kọ́rọ́, tí ẹja ti ń yé ẹyin.

"Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi wa mọ́tò tó ń kó ẹja láti etí òkun Ìlàjẹ wá sí Ẹdẹ," ó ní. "Ojú mi ló ṣe tí àwọ̀n àwọn apẹja ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lófìfo. Ìgbà tí wọ́n fẹnu kò, tí wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju àwọ̀n sí, ni ẹja tó padà. Òkun ni wọ́n yà sọ́tọ̀ o! Ẹ̀yin ò wá lè yọ̀ǹda ibú kan ṣoṣo?"

Àtàndá, olórí àwọn apẹja, yọ pákò kúrò lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Àwa ò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu jíjẹ."

Ẹ̀rín sọ. Hasanat, tó ń yan ẹja tà, na ọrùn sí Ọláníyan láti ẹ̀yìn. "Bàbá Labeebah, bí a bá ti ibú pa, ṣé àdúà ni kí n máa yan?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ìpàdé sì tú.

Ẹnì kan ló dúró dè é. Akóredé ni, ọkùnrin kan tó ń sin ẹja nínú kòtò ní Sekona. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, òun nìkan ló ń nawọ́. "Ẹ má jẹ́ kó sú yín, Bàbá," ó ní. "Gbogbo àwọ̀n wọn ló yẹ kó kúrò níbẹ̀. Ẹ má yọ ẹnì kankan sílẹ̀."

Ó ti sú Ọláníyan ná. Nígbà tó délé, kò bọ́ fìlà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. "Kí èèyàn máa bẹ àgbẹ̀ pé kó má jẹ irúgbìn tó fẹ́ gbìn! Ìpàdé kan ló kù. Bí wọ́n bá tún kọ̀, olórí àdúgbò ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láéláé."

Àwáwù ìyàwó rẹ̀ gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀. Ẹja àrọ̀ tí Akóredé gbé wá láàárọ̀ ni. Kùtùkùtù ló máa ń gbé e wá, ẹja á ṣì máa jà nínú korobá, ṣòkòtò rẹ̀ á tutù dé itan. Ó ní ìrì pọ̀ lọ́nà Sekona. Ọláníyan ti fẹ́ lọ wo kòtò ẹja náà rí, ṣùgbọ́n Akóredé ní kó jẹ́ kí òjò dá ná, ọ̀nà ò dáa fún àgbàlagbà.

"Ẹ wo èyí," ni Àwáwù wí. Ó yọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja.

"Wáyà korobá ni." Ọláníyan jù ú síta. Ó bu ẹja sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó sì dúró. "Àwáwù, èyí gan-an ló yẹ ká gbé lọ bá wọn. Kí wọ́n fi ẹnu ara wọn tọ́ ọ wò pé ẹja kòtò tó ẹja odò."

Nígbà tí ìpàdé kẹta pé, Akóredé gbé ẹja kún agbada wá, Àwáwù sè é. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ìka. Hasanat bèèrè bí òun náà ṣe lè máa rí i rà. Àtàndá ló pẹ́ jù nídìí tirẹ̀. Ó jẹ, ó tún jẹ, ó wo Akóredé.

"Ẹran rẹ̀ le bíi ti ẹni tó ti bá omi jìjàkadì. Kí lò ń fún wọn jẹ?"

"Àgbàdo lílọ̀ ni, Bàbá, àti Bísímílà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àtàndá ò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Bí ẹnu bá ti jẹ, ojú á tì," ó ní, ó sì nawọ́ sókè. Àwọn apẹja yòókù wojú rẹ̀, wọ́n nawọ́ tẹ̀lé e. Hasanat náà nawọ́, epo ṣì wà níka rẹ̀.

Wọ́n fẹnu kò pé kí gbogbo ọkọ̀ obèlè kúrò ní Ibú Eléwé, kí ó ku ẹyọ kan péré fún ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Wọ́n bi Ọláníyan pé ta ni kó ṣọ́ ọ.

"Ẹni tí ojú rẹ̀ ò sí lára odò," ó ní. "Ẹni tó ní ẹja tirẹ̀ nílé."

Akóredé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àtàndá fún un ní àjẹ̀ ọkọ̀ náà.

Nígbà tí òjò dá, Ọláníyan ra àpò oúnjẹ ẹja kan láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ fún un pé òun ń bọ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Sekona, ọ̀nà náà sì dán títí dé ẹnu ọ̀nà ilé Akóredé. Obìnrin kan tó ń ta iṣu létí títì ló júwe ilé náà fún un.

"Kòtò sìmẹ́ńtì wà lẹ́yìnkùlé, ẹ ó rí i," ló ní. Ó wo àpò orí ọ̀kadà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó wo ojú Ọláníyan. "Ẹ̀yin lẹ ni oúnjẹ ẹja yìí, Bàbá?"

"Akóredé ni mo rà á fún."

Obìnrin náà yíjú sí iṣu rẹ̀.

Ọláníyan gbé àpò náà sórí, ó yí ilé po, ó ń pe Akóredé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Nínú kòtò gbígbẹ náà, igi ìbẹ́pẹ kan ti la ilẹ̀ sìmẹ́ńtì hù, ó ga ju Ọláníyan lọ, èso rẹ̀ ti ń pọ́n, okùn kan sì ta láti ara rẹ̀ dé ògiri, tí wọ́n sá àwọ̀n ńlá kan sí, tó ṣì ń kán omi.