Ìró Ẹ̀yìn Mọ́tò Pupa

Awẹ́ ni wọ́n ti gbéra láàárọ̀, wọ́n ń lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ti kọjá Ìlọra kí ìró náà tó bẹ̀rẹ̀. Bí táyà ẹ̀yìn bá ti bọ́ sínú kòtò, nǹkan kan á lu irin lábẹ́ mọ́tò, gbàgà! Akínwálé kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mọ́tò pupa kékeré ni, ìjókòó méjì péré ló ní, irú èyí tí wọ́n fi ń sá eré ìje lókè òkun, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó o. Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó di báàgì rẹ̀ mú.

Nígbà tí wọ́n fi máa wọ Fìdítì, ariwo náà ti pọ̀ débi pé àwọn tó ń rìn lẹ́bàá títì ń yíjú wò wọ́n.

"Ẹ má wà á dé Ìbàdàn báyìí," ni Mosúnmọ́lá wí. "Táyà lè yọ."

"Ta ni yóò tún un ṣe níbí?"

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé mẹkáníìkì kan ṣoṣo ló wà nílùú náà tó lè fọwọ́ kan irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ògúndélé ni, baba Mosúnmọ́lá.

Ọdún tí ìjọba òyìnbó kógbá wọlé ni Akínwálé wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ̀kalẹ̀. Inú mọ́tò ló jókòó sí tó ń tẹ fèrè, pé kí àgbàlagbà jáde wá bá òun. Ògúndélé jáde lóòótọ́, ó sì lé e lọ lójú gbogbo àdúgbò. Akínwálé gbé Mosúnmọ́lá níyàwó ní kóòtù n'Íbàdàn, ó sì búra pé ẹsẹ̀ Mosúnmọ́lá kò ní tẹ ilé baba rẹ̀ mọ́ láyé. Kò jẹ́ kó lọ fún ọdún Ògún. Kò jẹ́ kó lọ fún ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó bá ti Fìdítì wá kì í kọjá ẹnu géètì wọn.

Abẹ́ àtíbàbà iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n bá Ògúndélé, ó ń fi àkísà nu sípáná. Akínwálé kò dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà kò wo ọmọ rẹ̀. Mọ́tò ló ń wò.

"Kí ló gbé ọ wá?"

"Mọ́tò mi ń dún lẹ́yìn."

"Lọ bá ẹni tó tà á fún ọ."

"Ṣé ẹ lè tún un ṣe àbí ẹ ò lè tún un ṣe?"

Ògúndélé fi jáàkì gbé ẹ̀yìn mọ́tò sókè, ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó rá wọ abẹ́ rẹ̀. Akínwálé bẹ̀rẹ̀ tì í, kò gbójú kúrò lára ọwọ́ rẹ̀.

"Mò ń wò yín o. Bí bíréèkì mi bá já lọ́nà, ọlọ́pàá ni yóò wá kó yín."

Bàbá náà fọwọ́ kan irin méjì mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú kan, ó sì jáde.

"N kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Àfi kí n gbọ́ ọ bó ṣe ń dún. Wà á, kí n jókòó tì ọ́."

"Ìyàwó mi ń kọ́?"

"Ṣé orí itan rẹ ni mo fẹ́ jókòó sí ni?"

Akínwálé ti Mosúnmọ́lá síbi bẹ́ǹṣì kan lẹ́bàá títì. "Ibí yìí ni kí o wà. Bí o bá wọ ilé yẹn, má padà sínú mọ́tò mi."

"Mo ti gbọ́."

Ìyá arúgbó kan gbé àwo àgbo kọjá lẹ́yìn wọn, ó wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n gba ọ̀nà Ìlọra padà. Ògúndélé dẹ etí sẹ́yìn. "Sáré. Dẹ̀ ẹ́. Bọ́ sínú kòtò yẹn." Mọ́tò dún gbàgà. Ó ní ó lè jẹ́ sípírìn. Nígbà tó ṣe, ó ní kò jọ sípírìn. Nígbà tí wọ́n dé Ìlọra, ó ní ọ̀nà ibẹ̀ ti tẹ́jú jù, kí wọ́n yà sí Akínmọ̀ọ́rìn. Níbẹ̀ ó ní kí Akínwálé dúró lábẹ́ igi, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń fọwọ́ kan irin kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ẹ ò mọ iṣẹ́ yìí," ni Akínwálé wí.

"Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n, kí lo wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

"Ọmọ yín ló ní kí n dúró. Èmi ò jẹ́ wá sọ́dọ̀ yín láé."

"N ò fẹ́ràn rẹ rí," ni bàbá náà wí, láì gbé orí sókè. "N ò sì ní fẹ́ràn rẹ títí n ó fi kú. Tún wà á."

Oòrùn ti ń rọ̀ kí wọ́n tó padà dé. Mosúnmọ́lá wà lórí bẹ́ǹṣì bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Eruku títì pọ̀ níbẹ̀. Ògúndélé wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó mú sípáná kan, ó wọ abẹ́ mọ́tò, kò sì pẹ́ rárá tó fi jáde.

"Nọ́ọ̀tì tó di ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn mú ló tú. Mo ti dè é. Máa lọ."

"Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo! Gbogbo ọ̀sán!"

"Mo ní kí o máa lọ."

Mọ́tò náà kò dún mọ́. Nígbà tí wọ́n jáde kúrò ní Fìdítì, Akínwálé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Baba rẹ ti gọ̀. Nọ́ọ̀tì tí ọmọdé lè rí, kò rí i."

"Ìgbà tó kọ́kọ́ wọ abẹ́ mọ́tò ló ti rí i," ni Mosúnmọ́lá wí, "ó sì mọ̀ pé èmi ni mo tú u ní Awẹ́ láàárọ̀, níwọ̀nba, bó ṣe kọ́ mi, kó lè máa dún láì jábọ́, ìdí nìyẹn tó fi gbé yín káàkiri títí mo fi dágbére fún ìyá mi tó ń kú lọ nínú ilé yẹn."