Kànga Tó Gbóná Jù

Láti ìgbà tí ooru ti fọ́ ojú Ẹnjiníà Ògúndípẹ̀ lẹ́nu kànga gáàsì kan níhà Wárì, orí àga kan náà ló máa ń jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fúláàtì rẹ̀ ní Festac. Ọdún 1978 ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá kí i títí ó fi sú wọn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó fún un nílé náà. Àwọn aládùúgbò á kí i láti ìsàlẹ̀, wọn á sì kọjá lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàtà obìnrin kan dúró níwájú rẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà. Rosaline lorúkọ mi. Ọ̀rọ̀ kànga yẹn ni mo bá wá.”

“Ibi iṣẹ́ ló rán ọ wá?”

Obìnrin náà fa àga kan, ó jókòó. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ara Ògúndípẹ̀ yá gágá. Ó ṣàlàyé pé gbígbẹ́ kànga kọ́ ni wàhálà, bí kò ṣe píparí iṣẹ́ inú rẹ̀ kí gáàsì lè gba inú páìpù jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ooru ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ju ti omi híhó lọ. Sìmẹ́ńtì á le kó tó débi tó yẹ. Irin páìpù á gùn sí i. Bó bá tutù, á tún kúrú, á sì fa rọ́bà tí wọ́n fi dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya.

“Rọ́bà kò lè gbà á,” ó ní. “Irin ni kí wọ́n fi dí i, kí wọ́n sì fún páìpù láyè láti nà. Ṣé ò ń kọ ọ́ sílẹ̀?”

“Mo ń fi sọ́kàn, sà. Ta ló dúró tì yín lọ́jọ́ náà?”

“Ọlábánjí, ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló kú sí.”

Rosaline ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sígbà tí kì í béèrè nípa Ọlábánjí: kí ló jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ló sọ, ṣé ó rẹ́rìn-ín. Ọkàn Ògúndípẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó mọ ìwà àwọn ọ̀gá. Òkú kì í jà, òun ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù.

“Bó bá jẹ́ ẹ̀bi Ọlábánjí lẹ ń wá, má padà wá síbí mọ́,” ó ní lọ́jọ́ kan. “Nígbà tí rọ́bà já, èmi ló kọ́kọ́ tì sẹ́yìn. Ì bá ti sá. Kò sá.”

Rosaline fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

“Ẹ tún un sọ, sà.”

Ó tún un sọ.

Lẹ́yìn èyí, kò wá mọ́. Ògúndípẹ̀ ń fetí sí gbogbo bàtà tó ń gun àtẹ̀gùn, ó ń bú ara rẹ̀ pé ẹnu òun ló lé e. Nígbà tó tún dé, kò tíì jókòó tó fi sọ̀rọ̀.

“Wọ́n ti ṣe é bí ẹ ṣe wí, sà. Irin ni wọ́n fi dí i. Ó dúró. Gáàsì ti ń jáde.”

Ògúndípẹ̀ dìde. Ó fọwọ́ wá ọwọ́ rẹ̀, ó dì í mú, ó sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Bá mi kí ọ̀gá tó rán ọ.”

“Wọ́n á gbọ́, sà.”

Rosaline sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìjẹ́gùn lọ, kò yà síbi iṣẹ́ kankan, nítorí kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ rí: wọ́n ti da sìmẹ́ńtì dí kànga náà pa láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin Ọlábánjí, ọkọ rẹ̀.