Àbáyọ̀mí Ṣí Fọ́múlà

Ilé ìtẹ̀wé Alhaji Ràmọ́nù ní Bajulaiye ń retí ẹ̀rọ tuntun, ẹ̀rọ náà kò sì nílò òṣìṣẹ́ mẹ́ta. Alhaji ní òun kò ní ṣe ojúsàájú, kọ̀ǹpútà ni yóò dájọ́. Ó ní kí Látífàt, tó mọ kọ̀ǹpútà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó iṣẹ́ tí kálukú ṣe lọ́dún yìí àti bébà tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú Excel àtijọ́ tí wọ́n ń lò. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga jù ni ọ̀gá ẹ̀rọ tuntun. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù, kó máa lọ sílé, Ọlọ́run á pèsè.

Látífàt ṣe ipò kìíní. Àbáyọ̀mí ṣe ipò kejì. Bàbá Samson ló gbẹ́yìn.

Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́. Àbáyọ̀mí kì í ṣe ẹni tí í dúpẹ́ láìwádìí. Níní, ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀:

"Bàbá Démiládé, ipò kejì náà dára. Ẹ má bá Látífàt fa nǹkan kan o."

"Ẹni tó ṣe ìdánwò ló tún ń máàkì í! Kí lẹ̀yin obìnrin mọ̀?"

Ó ti kọ́ kọ̀ǹpútà rí ní Fádèyí. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ọ̀kan ṣoṣo ló kù lórí rẹ̀: téèyàn bá tẹ Control pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ení, nọ́ńbà á kúrò lójú kọ̀ǹpútà, fọ́múlà, ìyẹn ìṣirò tó bí wọn, á yọjú. Níbi tí nọ́ńbà bá ṣì dá dúró, ọwọ́ èèyàn ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Ó pe Alhaji wá. Látífàt fọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà.

"Bọ̀ọ̀dá Àbáyọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ń gbọ́ ọ, Alhaji? Ẹni tí kò jalè kì í sá fún tọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ gba ipò kìíní náà. Mi ò jà."

"Ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn!"

Alhaji jókòó. "Ṣí i. Ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ tẹ máàkì tirẹ̀, wọ́n á tún un ṣe lójú mi níbí. Ohun tó bá sì jáde, a ò ní bẹ̀bẹ̀ mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Alhaji. Kò gbọdọ̀ sí ẹ̀bẹ̀."

Bàbá Samson gbé ọ̀bẹ ìgébébà sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn wọn. Àbáyọ̀mí fi aṣọ nu bọ́tìnnì méjèèjì, ó tẹ̀ wọ́n bí ọba tó ń lu òǹtẹ̀. Fọ́múlà yọ lórí ìlà Látífàt. Ó yọ lórí ìlà Bàbá Samson.

Lórí ìlà Àbáyọ̀mí nìkan ni nọ́ńbà dá dúró, nọ́ńbà tí Níní lọ fi ìkúnlẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ Látífàt. Nígbà tí wọ́n sì fa fọ́múlà dé ibẹ̀ láti ṣírò tirẹ̀ náà, Bàbá Samson bọ́ sípò kejì, ó sì padà sídìí bébà rẹ̀.