Fáànù Tí Kò Gbọ́ Àṣẹ

Fáànù náà tún kọ̀. Ṣùbòmí tẹ súìṣì, kò yí. Ó tún un tẹ̀, kò mira. Ọ̀gá Mashood, olùkọ́ rẹ̀, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, bí ẹni pé awò ló jẹ̀bi.

Iṣẹ́ àṣekágbá Ṣùbòmí nìyí ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan l'Ọ́yọ̀ọ́. Ọdún 1988 ni, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò tíì pọ̀ nílùú: ṣíípù kan tó gùn tó ìka ọwọ́, tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀. Ètò tí ọmọbìnrin náà kọ sínú rẹ̀ ni yóò máa pàṣẹ fún mọ́tò fáànù: tẹ súìṣì lẹ́ẹ̀kan, kó yí, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kó dúró. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti parí tiwọn, wọ́n ti kó ẹrù wọn lọ. Òun nìkan ló kù nínú yàrá gbígbóná yẹn.

Àìsàn fáànù náà kò dúró sójú kan. Lónìí á yí, kò ní dúró. Lọ́la kò ní yí rárá. Ọ̀gá Mashood ka ètò náà láti òkè délẹ̀, kò rí àṣìṣe. Ó yọ súìṣì, ó dán an wò lọ́tọ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ó dán mọ́tò wò, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá sì tún un ṣe tán, tó lọ kírun, yóò padà wá bá àìsàn mìíràn. Ó ti ń bi ara rẹ̀ bóyá ayé ló ń ṣe ọmọ ọlọ́mọ.

Ìgbéyàwó ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká gbogbo èèyàn lára. Bàbá Ṣùbòmí, Díákónì Akínpẹ̀lú, ti là á mọ́lẹ̀ pé òun ò ní fi ọmọ tí kò gbàwé ẹ̀rí fọ́kọ. Ọjọ́ ìsinmi tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ tó bá parí iṣẹ́ náà ni wọn yóò kéde ìgbéyàwó Ṣùbòmí àti Elijah, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní ìjọ Onítẹ̀bọmi l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó; Díákónì sì ti sọ tirẹ̀ lójú ìjọ.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Elijah, ó ní ìsọ̀ sìmẹ́ǹtì ní Ọjà Igbó l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú ọsàn nínú àpò.

"Pẹ̀lẹ́, Ṣùbòmí," ló wí. "Ó máa dópin. Tó o bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, o ò tún ní fọwọ́ kan wáyà mọ́ láyé. Àga rẹ ti wà ní ìsọ̀."

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá Elijah." Omi lé ròrò sí i lójú.

Àánú ṣe Ọ̀gá Mashood. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ jù nínú kíláàsì rẹ̀ ló há báyìí bí eku inú pàkúté.

"Ọ̀la ni olùyẹ̀wò ń bọ̀," ló wí. "Bí kò bá ṣiṣẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Jẹ́ n sọ fún un pé mo fojú mi rí i tó yí, tó sì dúró."

Ṣùbòmí sáré wá síwájú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má purọ́ nítorí mi. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kò ṣiṣẹ́."

Elijah yíjú sí olùkọ́. "Ẹ ò rí i? Ọmọlúàbí ni mo fẹ́ fẹ́. N ó dúró ọdún kan sí i."

Wọ́n pe ìrun Àlàásárì. Ọ̀gá Mashood jáde lọ ṣe àlùwàlá, Elijah sì lọ wọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ní gáréèjì.

Ṣùbòmí ti ilẹ̀kùn, ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú wáyà kékeré kan jáde, ó fi í sáyè rẹ̀ lábẹ́ ṣíípù, ó tẹ súìṣì, fáànù yí, ó tún un tẹ̀, fáànù dúró, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tó ti kọ ètò rẹ̀ tán. Ó jẹ́ kó fẹ́ sí òun lójú lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ló yọ wáyà náà, ó sì jókòó de olùkọ́ rẹ̀.