Orúkọ tí Ìkòkò Kòkó ń Pè

Ní ogójì ọdún sẹ́yìn, Olújìnmí jí ẹ̀ka kòkó arárá tí àbúrò rẹ̀, Fáṣọyìn, fi ọdún mọ́kànlá tọ́, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́. Fáṣọyìn kò dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

Láràárọ̀, Fáṣọyìn ń bomi rin ọ̀kan nínú irú kòkó náà, nínú ìkòkò tó ń sọ̀rọ̀, ní pálọ̀ rẹ̀. Èso rẹ̀ kò ju èkùrọ́ lọ. Ẹwà nìkan ni wọ́n ń gbìn ín fún. Bí omi bá ti kan ìkòkò, òfin ní kí ó pe orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ mú irúgbìn náà jáde.

"Olújìnmí," ni ìkòkò wí. Kò tilẹ̀ dun Fáṣọyìn mọ́. Ó ń nu ewé lọ.

Láàárọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀pá wọlé.

"Ṣé ẹ wá gbọ́ orúkọ yín ni?"

"Ó ti sú mi í gbọ́," ni Olújìnmí dáhùn. "Ìwọ lo ni kòkó yìí, Fáṣọyìn. Èmi ni mo jí i."