Aago Tí Kò Ní Bọ́tìnnì

Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín mọ iṣẹ́, ẹ má fò ó o. Ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ ka ìtàn yìí dé òpin.

Misbaudeen, ọmọ Àrẹ̀mọ, ló ń ṣe aago oníná l'Ọ́jà'ba. Kì í ṣe àtúnṣe o, òun ló ń ṣe é látòkèdélẹ̀. Ṣíìpù kan tí kò tó èékánná ló fi ń ṣe ọpọlọ aago, òun náà ló sì ń kọ iṣẹ́ tí ṣíìpù máa ṣe sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọwọ́ rẹ̀ já fáfá.

Ní oṣù kìíní, ó ṣe ọ̀kan tó ń fi àkókò Ìbàdàn àti ti London hàn pọ̀. Nígbà yẹn, London fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Bó ṣe kọ ọ́ sínú ṣíìpù nìyẹn, ó sì fi gúlúù lẹ àpótí aago pa.

Mujeebat ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n ní London. Ó ní, "Bàbá Zakariyya, wọ́n máa ń fi wákàtí kan ti aago síwájú níbẹ̀ tí oṣù kẹta bá ń parí lọ, wọ́n á tún dá a padà lóṣù kẹwàá. Ẹ fi bọ́tìnnì sí i, kẹ́ni tó bá rà á lè yí i."

Misbaudeen bú sẹ́rìn-ín. "Bọ́tìnnì kẹ̀? Kọ́mọdé máa tẹ̀ ẹ́ kiri? Iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í ṣe ohun tẹ́nì kan ń tún ṣe!"

Ọlábọ̀wálé, oníṣòwò kan ní London, rí fọ́tò aago náà, ó fẹ́ ra igba irú rẹ̀. Wọ́n fàdéhùn sí Ọjọ́rú kan lóṣù kẹrin, aago mẹ́wàá àárọ̀ London, kí wọ́n ríra lórí fóònù. Gbogbo Ọjà'ba ló gbọ́.

Ọjọ́ pé. Misbaudeen wọ agbádá, ó pa fóònù káwọn oníbàárà má baà dí i lọ́wọ́, ó jókòó ti aago rẹ̀. Nígbà tí ojú London sọ pé mẹ́wàá ku márùn-ún, ó tan fóònù, ó pè.

"Mo ti ń retí yín tipẹ́," Ọlábọ̀wálé wí. "Mo ti ń jáde lọ."

"Ọ̀gá, mo tètè dé ni o!" Misbaudeen gbé aago síwájú kámẹ́rà tìyanga-tìyanga. "Ẹ fojú ara yín wò ó!"

"Mọ́kànlá ku márùn-ún ni níbí. Ṣé aago tẹ́ ẹ fẹ́ tà fún mi nìyí? Ó dáa, níbo lèèyàn ti ń yí i?"

Misbaudeen yí aago náà síwá sẹ́yìn. Ojú tì í gan-an. "Kò... kò síbì kankan, ọ̀gá."

Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni Ọlábọ̀wálé ti ra igba aago rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Misbaudeen fi ọ̀bẹ la àpótí náà fúnra rẹ̀, kó lè fi bọ́tìnnì sí i. Mujeebat ló bá a di àpótí náà mú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, oníṣẹ́ ọwọ́ Ìbàdàn ni mo fi ń yangàn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ dí yín létí o. Ohun tó ń yí padà, ẹ fàyè sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá kìlọ̀ fún yín, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.